Ilé Ò Wó, Ilẹ̀kùn Ni Wọ́n Gbé Lọ

"Ṣé wọ́n fún ẹ ní rìsíìtì?"

Ohun tí ìyá mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láptọ́ọ̀pù wà lórí itan mi, mo sì ti ń ráhùn láti nǹkan bí ìdajì wákàtí pé géèmù tí mo fi owó ara mi rà, mi ò lè ṣí i mọ́. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà ní tiwọn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, rìsíìtì wà nínú ímeèlì mi.

"Kí ni wọ́n kọ sínú ẹ̀?"

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdù á mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ní ìlú wa níbí, gbígba rìsíìtì kọ́ ló ṣòro, kò sí ẹni tí kò lè kọ rìsíìtì fún èèyàn. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kí èèyàn fi ojú sí. Èmi ò sì ka tèmi rí. Mo kàn ń tẹ "Mo gbà" ni, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, kí ojú ìwé gígùn yẹn lè kúrò níwájú mi kí n sì lè rí géèmù mi gbá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa láptọ́ọ̀pù náà. Tòkunbọ̀ ni. Computer Village, ní Ìkẹjà, ni mo ti rà á lọ́dún 2014, Windows 7 ló sì bá wá. Lẹ́tà W, A, S àti D ti pa rẹ́ lójú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìka ọwọ́ òsì ẹni tó ń gbá géèmù máa ń gbé. Ìde ojú rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní Sábó fi gọ́ọ̀mù àti bóòtù kékeré méjì dè é padà, láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń ṣí i, ó máa ń han gooro bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Àbúrò mi ní kí n jù ú nù. Mo ní àgbàlagbà ni, kí ó bọ̀wọ̀ fún un.

Kí n tó di ẹni tó ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síídì ni gbogbo wa ń rà. Ní àdúgbò gáréèjì, wọ́n á tò wọ́n sórí pátákó, síídì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, àwòrán agbábọ́ọ̀lù níwájú, géèmù mẹ́wàá tàbí méjìlá nínú ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Bí o bá dé ilé, o máa fi í sínú kọ̀ǹpútà, o máa da fáìlì kan báyìí lé òmíràn lórí, géèmù á ṣí. Kò bi ọ́ léèrè ẹni tí o jẹ́. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo jáwọ́. Mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, oníbàárà kan sì gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó yé mi bó ṣe ń rí lára àwọn tó ṣe géèmù tí èmi ń rà ní gáréèjì. Mo pe àbúrò mi jókòó, mo wàásù fún un, mo ní olè ni, olè lásán-làsàn. Ọmọ náà gbọ́ mi tán, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé dọ́là lẹ wá fẹ́ kí n máa fi gbá bọ́ọ̀lù?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Dọ́là ni mo fi ń rà wọ́n lóòótọ́. Mo máa ń dúró de ìgbà ẹ̀dínwó, kí géèmù tí wọ́n ń tà ní 20 dọ́là tó já sí 4. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa sọ pé owó tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kò gbọ́dọ̀ ju 20 dọ́là lọ lóṣù, mo sì fara mọ́ ọn, mo ń fi ṣírò ohun tí màá rà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pariwo kò dà bí ẹ̀dínwó mọ́.

Rírà tún jẹ́ ọ̀kan, fífà á wálẹ̀ jẹ́ òmíràn. Dátà alẹ́ ni mo máa ń rà, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá òru tó sì ń parí láago márùn-ún ìdájí. Mo á so fóònù mọ́ irin ojú fèrèsé yàrá mi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, mo á fi láptọ́ọ̀pù sórí ìjókòó lábẹ́ rẹ̀, mo á sì máa jí wò ó. Géèmù kan wà tó jẹ́ 9GB. Òru mẹ́rin ló gbà mí. Ní òru kẹta, wọ́n mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù náà kò sì lè gbé e fún ogún ìṣẹ́jú. Mo jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀ nínú òjò. Ìyá ẹnìkejì ilé wa ṣí fèrèsé, wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí mo ní "géèmù mi," mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo tẹ àmì ilé ìtajà náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú fèrèsé kan yọ, ó dúdú kirimú, ó dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó parẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó yọ, ó parẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ kan jáde pé Windows tí mò ń lò ti pẹ́ jù, kí n wá tuntun. Mo wá rántí pé ìkìlọ̀ kan ti ń yọ lókè fún ọ̀pọ̀ oṣù tí mo sì ń fi ọwọ́ nù ún kúrò, mo ti rò pé ìpolówó ni.

Mo wọ inú fódà tí géèmù wà. Gbogbo rẹ̀ pé. 9GB, òru mẹ́rin, kò sí fáìlì kan tó sọnù. Mo tẹ géèmù fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣí ilé ìtajà. Mo ṣí ilé ìtajà. Ó ní kí n lọ wá Windows tuntun.

Ilé ò wó. Yàrá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, aṣọ mi wà lórí okùn. Ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé lọ.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo lọ wádìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé ìtajà kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ìwà ìkà tí ẹnì kan jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó sì gbèrò rẹ̀. Ẹ wo Steam, ìsọ̀ géèmù tí gbogbo ayé mọ̀, ti ilé iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni wọ́n dágbére fún Windows XP àti Vista. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ géérégé, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ó kan Windows 7, 8 àti 8.1. Àwọn tó ń lo Mac kò bọ́ níbẹ̀ náà: ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024 yẹn kan náà, wọ́n fi macOS 10.13 àti 10.14 sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ yé mi, nítorí mo mọ iṣẹ́ náà díẹ̀. Ìsọ̀ tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà yín yẹn, tó ní àwòrán, tó ní ẹ̀dínwó, Chrome, buráwúsà Google, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Chrome 109 ni ìkẹyìn tó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Láti 110, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2023, Windows 10 sókè ni wọ́n ń fẹ́. Kí ló dé tí Google fi ṣe bẹ́ẹ̀? Nítorí pé Microsoft, tó ni Windows 7, ti jáwọ́ nínú títún un ṣe láti ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sanwó lọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n bá ṣe é dé ọdún 2023.

Bí Mile 12 bá dí, a kì í lọ bá dírẹ́bà jà ní gáréèjì Ìkòròdù. Òun náà ń wo iwájú ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò tí wọ́n ń sọ náà, òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá ti dí ihò ara rẹ̀ mọ́, ihò tí wọ́n bá rí lónìí ló máa wà títí. Àkáǹtì géèmù sì ní káàdì ATM nínú. Bí olè bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tó ni ìsọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn ò lè máa tà mọ́ lórí Windows 7, mo gbà. Kí wọ́n má tà. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ rà lọ́jọ́ náà! Mo fẹ́ gbá èyí tí mo ti rà. Ẹni tó bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lálẹ́ kò ní tẹ̀ lé mi dé ilé láti wá ti ìkòkò ọbẹ̀ mi pa.

Ohun kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Mo fi fóònù wo ojú ìwé géèmù náà. Wọ́n ṣì ń tà á. Níbi tí wọ́n kọ kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ sí, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà: Windows 7. Géèmù náà ní òun ń fẹ́ Windows 7, ìsọ̀ tó ń tà á ní òun ò fẹ́ rí Windows 7 lójú. Bí ẹni ń ta ìgò kẹrosíìnì fún yín tó sì ní ẹni tó ní àtùpà kò gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù òun.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Mọ́mì.

Lọ́dún 2009, wọ́n ra ilẹ̀ kan sí ọ̀nà Ìgbógbó. Owó àjọ, owó tí wọ́n yá, owó ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń tà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ. Ìdílé tó tà á kọ rìsíìtì, wọ́n tẹ̀ka sí i. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì kí wọ́n tó wa ìpìlẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan dé lórí ọ̀kadà mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ni ọmọ onílẹ̀, pé àwọn tó tà á fún wa kì í ṣe olórí ìdílé. Mọ́mì san owó ìpìlẹ̀. Nígbà tí ilé dé òrùlé, àwọn mìíràn dé, Mọ́mì san owó òrùlé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì yìí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ gúgúrú. Ó ń jẹ ẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi ń ka owó, ó ń ju èyí tí kò là sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì gbàgbé ìró rẹ̀.

Ìjọba Èkó ti ṣe òfin lòdì sí wọn lọ́dún 2016. Mo gbọ́ pé ó dára lórí ìwé.

Ohun tí Mọ́mì kọ́ nínú rẹ̀ ni ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n san, wọ́n gba rìsíìtì rẹ̀, títí kan ti àwọn ọlọ́kadà. Àpò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, àpò aṣọ tí wọ́n fún wọn níbi òkú kan, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n sì mọ ohun tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, nígbà tí mo ṣí ìwé àdéhùn ilé ìtajà náà lórí fóònù tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n dá mi dúró níbi tó ní mi ò ra nǹkan kan, àyè ni wọ́n fún mi láti máa lò ó.

"Háyà ni, àbí?"

Mo ní ó jọ ọ́.

"Fún ọdún mélòó?"

Mo yí ojú ìwé náà sókè, mo yí i sísàlẹ̀. Mi ò rí ọdún kankan.

Mọ́mì gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ wà, C of O tí gbogbo wa ń sáré lé kiri, ọdún 99 ló máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ilé tí à ń gbé yìí gan-an, kò tíì di ti ẹnikẹ́ni nínú wa pátápátá. "Ṣùgbọ́n 99 ni wọ́n kọ. Mo mọ̀ pé màá ti kú. Ẹni tó fi nǹkan háyà fún ẹ tí kò dá ọdún, kí ló ń rò sí ẹ?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ti kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò wo ọ̀rọ̀ náà láti ibẹ̀ rí. Ẹjọ́ mi kì í tún ṣe ti Windows mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí kì í gbó, èmi náà ń gbó. Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì tí mo tẹ̀. "Rà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ká ní "Háyà" ni wọ́n kọ ni, bóyá mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ nínú òjò.

Àwọn kan ti rí i ṣáájú ìyá mi, tàbí kí n sọ pé wọ́n rí i lásìkò kan náà. Ìpínlẹ̀ Califóníà ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lọ́dún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025: ẹni tó bá ń ta géèmù, fíìmù tàbí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ kọ "rà" lásán mọ́ àfi tó bá jẹ́ kó yé oníbàárà kedere pé ìyọ̀ǹda ni ó ń gbà. Wọ́n yọ ẹnì kan sílẹ̀ nínú òfin náà: ẹni tó bá jẹ́ kí oníbàárà kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé pátápátá, tí kò fi ní lè gbà á padà. Bí ẹ bá ra géèmù lórí Steam lónìí, ẹ máa rí gbólóhùn kan nítòsí ibi tí ẹ ti ń sanwó pé ìyọ̀ǹda ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n onígéèmù kọjá ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ẹ̀yìn òpópónà Ayangbúrẹ̀n, yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ooru tó lè se ẹyin. PlayStation 2 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 2000 ni Sony gbé e jáde, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ṣíṣe é. Ìdérí ọ̀kan nínú wọn ti kán, wọ́n wá fi bíríkì àbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè máa yí. Ọmọ kékeré méjì tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá ń fi í gbá bọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí wọn ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún ẹ̀gbọ́n. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọyín pa ojú síídì kan tó ti ha, wọ́n fi ìka kan rin ín láti àárín bọ̀ sí etí, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún, wọ́n gbé e sókè sí iná wò bí ẹni ń wo owó. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ. Ó yí, ó tàsé, ó yí. Ó ṣí.

"Àṣẹ ta ni mo fẹ́ gbà?" wọ́n ní.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ayédèrú ni síídì yẹn. Èmi tí mo wàásù fún àbúrò mi, tí mo dúró de ẹ̀dínwó, tí mo so fóònù mọ́ fèrèsé, èmi ni géèmù mi kò ṣí. Èyí tí wọ́n jí gbé ni ọmọ ọlọ́mọ ń gbá. Mi ò ní padà sí síídì gáréèjì. Mo ṣì gbà pé olè ni. Ẹ má sì jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé síídì kì í kú. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ mẹ́ta ní igun yàrá tí ojú wọn ti fọ́, wọ́n ń yọ ẹ̀yà ara ọ̀kan tún èkejì ṣe, lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó máa tán nítorí pé ó gbó. Kò sí ẹni tó máa ti òkè òkun pa á.

Mo lọ kà nípa èyí pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ìtàn géèmù, Video Game History Foundation, ṣe ìwádìí lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé nínú géèmù àtijọ́ tó jáde ní orílẹ̀-èdè wọn, ìpín 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí igbá mọ́. Owó wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ẹni tó máa tà á fún ọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, Nintendo ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ géèmù wọn, 3DS àti Wii U, pa. Microsoft ti ti Xbox 360 pa ní oṣù Keje ọdún 2024. Àwọn yìí jẹ́ kí ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ ṣì lè fà á wálẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ìsọ̀ ló tì.

Kí ni mo wá ṣe? Nǹkan méjì. Àbúrò mi, tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga níbí ní Ìkòròdù báyìí, bá mi nu Windows 7 kúrò, ó fi Linux, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju bó ṣe wà lọ́dún 2014 lọ. Nínú géèmù márùn-ún tí mo ní, méjì ṣí. Mẹ́ta kọ̀, nítorí pé ẹ̀yà tó ń ya àwòrán nínú láptọ́ọ̀pù náà ti dàgbà jù fún ohun tí wọ́n ń béèrè lórí Linux. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni ti òru mẹ́rin.

Ìkejì ni GOG, ìsọ̀ géèmù mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Póláńdì ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2008, géèmù àtijọ́ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé bí o bá sanwó tán, wọ́n á fún ọ ní fáìlì tí o máa fi gbé géèmù náà sínú kọ̀ǹpútà. O lè dà á sórí fláàṣì. O lè gbé e lọ sí abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí GOG fúnra rẹ̀ bá kógbá wọlé lọ́la, fáìlì yẹn kò ní mọ̀. Mo wá géèmù òru mẹ́rin yẹn níbẹ̀, ó wà, ó sì wà ní ẹ̀dínwó.

Mo rà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ti ń tẹ nọ́ḿbà káàdì mi ni mo gbọ́ ìró gúgúrú lórí ilẹ̀. Ẹni tí mo ń sanwó fún kò ṣe mí ní nǹkan kan, àwọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó òrùlé ni mo ń san.

Àbúrò mi ló kàn báyìí. Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, tòkunbọ̀ náà ni, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú títún Windows 10 ṣe láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 kò fẹ́ gbà á, ó ní ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti pẹ́ jù, pé kí ó ní ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí mo ń rí lọ́jà báyìí ló wà ní ipò kan náà. Àwọn ìsọ̀ géèmù ò tíì ní kí Windows 10 máa lọ, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí ọkọ̀ yìí ṣe ń rìn: Microsoft á kọ́kọ́ sọ̀, buráwúsà á sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìsọ̀ á tẹ̀ lé e. Láàárín ìgbà tí Microsoft jáwọ́ nínú Windows 7 sí ìgbà tí Steam náà jáwọ́, ọdún mẹ́rin ni. Mo sọ fún un pé kí ó máa kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ra síídì mọ́."

Fláàṣì tí mo kó géèmù mi sí, 64GB ni, ó pupa, kò ju ìka mi lọ. Ó ti sọnù lẹ́ẹ̀kan nínú àpò ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ fọ̀. Mo gbé e lọ bá Mọ́mì lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí wọ́n bá mi fi í pamọ́ sínú àpò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ nìyí?"

"Òun ni, Mọ́mì. Mo tún un rà."

"Wọ́n dá ọdún sí i?"

"Wọn ò dá ọdún sí i. Ó ti di tèmi."

Wọn ò sọ pé àwọn gbà, wọn ò sọ pé àwọn ò gbà. Wọ́n fa àpò náà jáde, wọ́n wá rọ́bà kan, wọ́n fi dè é mọ́ rìsíìtì ọdún 2009, wọ́n tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ wo jẹnẹrétọ̀, pé ó jọ pé epo ti ń tán lọ nínú rẹ̀.